Àwo Dígí Kẹtàdínlógún

Ọgbọ̀n náírà ni mo ra àkọ́kọ́, nígbà tí náírà ṣì ń jẹ́ náírà,
lọ́wọ́ káfíńtà tó ń tú òrùlé kan ká ní Kámpósì:
òkú ọkùnrin tó wọ kóòtù, tí wọ́n gbé jókòó sórí àga,
ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé oorun ló gbé e lọ níbi tó ti ń kà á.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá wọn.

Ìbídùn ní, "Òkú olókùú lábẹ́ ibùsùn wa!
Ẹni tí ń kó owó jọ la mọ̀, ẹni tí ń kó aṣọ jọ la mọ̀."
Mo dákẹ́. Mo tún nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo fi òwú nu ekuru ojú wọn.
Lórí dígí, ọ̀fọ̀ a máa yí padà:
aṣọ dúdú àwọn opó di funfun,
eyín wọn dúdú bí kóró iṣin.
Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n dúró ti ògiri ní Igbóṣeré, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín.
Ta ló pa á lẹ́rìn-ín? Ta ló dárí jì í?
Ajá kan gba iwájú wọn kọjá, ó di èéfín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹtàdínlógún ni kò jẹ́ kí n sùn.
Ọmọ ọwọ́ ni, nínú léèsì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.
Wò ó dáadáa: ọ̀dà ni ojú náà.
Ayàwòrán ló fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún
sórí ìpéǹpéjú tó ti padé.
Lẹ́yìn àga, wọ́n ta aṣọ bo ẹnìkan mọ́lẹ̀;
ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yọ, ó di ọrùn ọmọ mú kó má baà yẹ̀.
Òrùka kan. Èékánná kan tó ti kán.
Etí òsì ọmọ náà, wọ́n ti rẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ dànù.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ọwọ́ yìí kiri Pópó Àgùdà,
ilé dé ilé, bí ẹni tí ń kiri ọjà,
kí n tó bá Màmá Filomẹ́nà lẹ́bàá fèrèsé,
tó ń ṣa ẹ̀wà fùréjọ́ọ̀nù. Ọ̀la ni Ọjọ́ Ẹtì Rere.
Ó gba dígí náà, ó gbé e sókè sí oòrùn.
Ó pẹ́.
"Ọwọ́ ìyá mi nìyí. Ilẹ̀kùn ló kán èékánná yẹn."
"Ọmọ náà ńkọ́, Màmá? Ẹ̀gbọ́n yín ni?"

Ó fa gèlè sẹ́yìn. Etí òsì rẹ̀
kò ní ṣóńṣó.

"Àràárọ̀ ni bàbá mi ń lọ sí Máàsì,
síbẹ̀ òun ló pe ayàwòrán. Ó ní kí wọ́n ya ọmọ náà,
tó bá tún padà wá, kó má lè sọ pé òun kọ́.
Nígbà tí wọ́n bí mi, kí wọ́n tó wẹ̀ mí,
fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀wà díẹ̀ dà sílẹ̀.
"Èló lo máa ta èmi fún èmi?"

Mo fẹ́ sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹnu mi kò ṣí.
Ọwọ́ mi ti ń nà láti gbà á padà.
Ó rí i. Ó dojú dígí náà délẹ̀ lórí itan mi.
"Máa gbé e lọ sí Èbúté Mẹ́ta rẹ.
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dára. Inú òkùnkùn ni kó wà.
Ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́rin ni mo ti fi jókòó síhìn-ín;
má jẹ́ kó rí mi, kó má baà rántí ọ̀nà."