Ìrù Ọ̀rọ̀

Triinu kọ poemae sínú ìwé ìdánwò.
Leida fa igi pupa sí i nídìí.
Ọmọ náà ò sunkún, kò sì jiyàn,
ó kàn yọ fóònù lápò, ó nà án síwájú:
"Olùkọ́, ẹ̀rọ ló wí bẹ́ẹ̀."
Ẹ̀rọ ló wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Leida Kuusberg, ọdún méjìdínlógójì
lẹ́nu kíkọ́ ọmọ ìlú Tartu ní Látìnì,
kò fojú ba oorun lóru ọjọ́ náà.
Yìnyín ti dí ojú Emajõgi pa,
odò tí wọ́n ń pè ní Ìyá,
òun sì jókòó ti kọ̀ǹpútà,
ó ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Lampas, ògùṣọ̀:
ẹ̀rọ sọ ọ́ di lampatis,
ó yá a ní ìrù aetas,
bí ẹni pé ògùṣọ̀ àti ọjọ́ orí jọ mu ọmú kan náà.
Aloe tó wà nínú ìkòkò lójú fèrèsé rẹ̀:
ẹ̀rọ rí e lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ọmọ òkun ni,
ó tì í sínú omi pẹ̀lú mare.
Cometes ńkọ́, ìràwọ̀ onírù,
tó ti gbé ìrù tirẹ̀ bọ̀ láti òkè ọ̀run?
Ẹ̀rọ gé ìyẹn sọnù,
ó so ìrù ìkùukùu mọ́ ọn nídìí.
Leida rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà inú bí i.

Ilẹ̀ mọ́, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá Raivo Pärtel
lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe.
"Òfin mi ò láṣìṣe," ni Raivo wí.
"Ọ̀rọ̀ tó bá fi a parí, agbo-ilé kìíní ni mo ń darí ẹ̀ sí.
Ọ̀kẹ́ méjì ọ̀rọ̀ ni, màmá. Ta ló fẹ́ máa bi wọ́n ní orílẹ̀ wọn?"
"Àlejò láti Gíríìkì ni àwọn tí mò ń wí.
Òmíràn pààrọ̀ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà,
òmíràn pààrọ̀ fìlà nìkan,
òmíràn ń wọ tibí lónìí, tọ̀hún lọ́la:
lampadis, lampados, méjèèjì ló tọ́."
"Ẹ̀rọ ò mọ méjèèjì."
"Kọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo Ọjọ́rú,
Leida pẹ̀lú búrẹ́dì dúdú àti kùkúńbà inú ọtí kíkan,
Raivo pẹ̀lú kọfí tó máa ń korò jù.
Wọ́n jà lórí crambe, kábéèjì lásán-làsàn,
títí alábàtà ìsàlẹ̀ fi fi òòlù gbá àjà.

Lóṣù Ṣẹẹrẹ ni Raivo bi í:
"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń jà fún ìrù ọ̀rọ̀ tó báyìí?"
Leida tú báàgì rẹ̀, ó fi káàdì kan lélẹ̀,
ó ti gbó, lẹ́tà Rọ́ṣíà ló wà lára rẹ̀:
Leida Augustovna.
"August ni bàbá mi. Irọ́ kọ́.
Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í so bàbá mọ́ ọmọ nídìí.
Akọ̀wé tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè.
Òfin tòun náà ò láṣìṣe."
Raivo ò fèsì.
Ó yí àga rẹ̀ padà, ó tẹ cometen,
ó tún un tẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Nígbà tí yìnyín fọ́ lójú odò,
Triinu tẹ poema. Poematis ló jáde.
"Ẹ̀rọ ti yí ohùn padà! Olùkọ́, ẹ óò dá máàkì mi padà?"
"Rárá," ni Leida wí. "Ìwọ lo kọ ọ́."
Ṣùgbọ́n ó ti gé ọmọ kan lára aloe ojú fèrèsé,
ó gbìn ín sínú ife tí etí rẹ̀ ti kán,
ó lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn: aloes.
Ti aloe.
Triinu gbé e lọ sílé lábẹ́ ẹ̀wù òtútù,
kí atẹ́gùn má baà rí i.