Káàdì Orrin Tesky

Wákàtí mẹ́ta la fi wakọ̀ nínú òjò dídì,
àgbàdo Áyówà ti di pòròpórò lọ́tùn-ún lósì.
Verlene ń ka òpó iná,
èmi ń fọwọ́ tọ́ àpò àyà mi wò
bí ẹni tó gbẹ́yin gba orí àpáta.

Dọ́là méjìlá lẹ́nu ọ̀nà. Mo san án.
Mo rí igi bésíbọ́ọ̀lù tó ti sán,
mo rí ìbọ̀wọ́ aláwọ tó gan bí ẹja gbígbẹ,
mo rí bàtà kan tí ẹrẹ̀ ọdún márùndínlọ́gọ́ta
ṣì lẹ̀ mọ́ nídìí.
Mo kí wọn, mo kọjá. Ti wọn kọ́ ni mo bá wá.

Yàrá kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀:
Orrin Tesky, ajùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì,
tó ṣeré sáà kan péré kó tó padà sídìí màlúù.
Wọ́n tanná sí i lórí nínú gíláàsì.
Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú bí abẹ.

Mo yọ tèmi.
Igun kan ti jẹ, ojú Orrin ti là sí méjì,
torí mo fi há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó ń pariwo tàtàtàtà bí alùpùpù
títí dé ẹnu géètì ilé ìwé.

Amundrud, ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, na ọrùn wò ó:
"Èyí ò lè pa sẹ́ǹtì márùn-ún."
Òótọ́ ni.
Àmọ́ tiyín, bàbá,
ta ló bá a ṣeré rí?

Verlene ti wà nínú ọkọ̀, ó ń bó ẹ̀pà.