Ọ̀rọ̀ Tó Fi U Ṣíwájú

Ẹnà la fi bẹ̀rẹ̀, èmi àti Ràfátù ẹ̀gbọ́n mi,
ní Òkèlele, lẹ́yìn ibi tí ìyá àgbà ti ń mọ ìkòkò.
A ó ki ga-gi-go bọ inú ọ̀rọ̀
bí ẹni ki òkúta bọ ẹ̀wà, kí eyín àgbàlagbà lè kán.
"Wágá, kágá lọgọ."
Ìyá àgbà ò gbójú sókè. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò rẹ̀ ká.
"Ẹgẹ mágá pẹ́gẹ́ o," ló fi dá wa lóhùn.
Àṣírí wa ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wa.

Ràfátù relé ọkọ. Èmi ò fi í sílẹ̀.
Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Táíwò Ìsàlẹ̀,
mo yí ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà dà sódì,
mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn:
èdè tí kò tíì sí lẹ́nu ẹnì kan.
Ohun gbogbo tó bá lórúkọ, u ni yóò fi ṣíwájú,
torí ta ló ń fi u ṣíwájú ọ̀rọ̀ ní Ìlọrin?
Omi di usé. Amọ̀ di umàlo.
Ọ̀rọ̀-ìṣe mi ń dé fìlà méjì:
ka, bí ó bá ṣojú mi;
mi, bí wọ́n bá ròyìn rẹ̀ fún mi ni.
Tòduka: ó mọ ìkòkò, mo rí i.
Tòdumi: ó mọ ìkòkò, wọ́n ló ṣe bẹ́ẹ̀.
(Ẹ ò rí i pé olófòófó máa rí mọ̀!)

Ìyá mi ní: "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kọ́lé,
ìwọ ń kọ ohun tí ẹnì kan ò lè kà.
Yorùbá ń bẹ, Fúlàní ń bẹ, Haúsá ń bẹ ní Gàmbàrí,
Nupé ń kí Bàrùbá lójúde wa.
Èwo nínú wọn ni kò tó ọ sọ?"
Mi ò lésì. Ebi rẹ̀ ló ń pa mí ṣá.

Lóru, tí iná bá dé, mo máa ń rí àwọn tí ebi kan náà ń pa.
Obìnrin kan dá èdè tí kò ní "tèmi" nínú.
Ọ̀kan wà ní ìlú tí omi òkun ti ń dì;
Urò ló sọ ara rẹ̀ nínú èdè mi.
Ó kọ́ ọ, ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ ó lé méjìlá.
Àwa méjì péré láyé.
A bi mí: kí lẹ ń pe etí ìkòkò? Ẹ̀fín ìkòkò tí wọ́n ń sun ńkọ́?
Mà á sáré dé Òkèlele, mà á wo ọwọ́ ìyá àgbà,
mà á mú ọ̀rọ̀ bọ̀.

Tíṣà Ìbítóyè wá láti Ọ̀sì, ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́.
Ó ṣí ìwé náà níbi tí kò yẹ, ó kà á sókè, ó bú sẹ́rìn-ín.
"U kẹ̀? Ulé, ugi, uṣu, uṣẹ́!
Ní Èkìtì ti Kwara lọ́hùn-ún, bí ìyá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.
Ìwọ lo wáá dá a sílẹ̀?"
Mo gba owó iṣẹ́ mi, mi ò lè wò ó lójú.
Ẹgẹ mágá pẹ́gẹ́ o.

Ìyá àgbà kú nínú oṣù Rajab.
Mo fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ ọ́ fún Urò.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èsì fi dé:
Utàná tòduka.
Ìyá àgbà mọ ìkòkò. Ka, kì í ṣe mi.
Mo ti na ìka láti tún un ṣe:
o ò rí i rí, Urò, o ò dé Ìlọrin.
Ìka mi dúró.
Etí ìkòkò, ẹ̀fín, ẹ̀yìn tó fi ń rìn yípo,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ti fi ránṣẹ́ sí i fún ọdún mẹ́rin.
Mo fi àṣìṣe náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, tí àwọn àlùfáà ti ṣe fídáù tán, tí wọ́n ti lọ,
Ràfátù jókòó ti àwọn ìkòkò tí ẹnì kan ò ní sun mọ́.
Kò mọ nǹkan kan nípa ka tàbí mi.
"Wágá," ó ní, "sígíbí."
Ó fo gí tó kẹ́yìn.
Mo bá a fi sí i.