Awọ Fẹ́lẹ́

Adépéjù gbọn èjìká ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ígbọ̀nà, l'Óṣogbo:
"Funfun wo ló ń já bọ́ yìí? Ṣé làpálàpá ni?"
Mo gbé ike jẹ́ẹ̀lì, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀.
Orúkọ kan gùn bí ọ̀nà Ìkìrun,
ahọ́n mi kọsẹ̀.

Àmọ́ mo mọ irú rẹ̀.
Ìyá ìyá mi a máa fi ìyẹ́ adìyẹ
ya ẹ̀kọ láfún sára àdìrẹ;
omi a lọ, awọ fẹ́lẹ́ a kù,
aró ò ní ráyè wọlé.

Ẹyọ wẹ́wẹ́ di ara wọn lọ́wọ́ mú;
ilé iṣẹ́ ló so tiwa yìí, kì í ṣe ẹ̀gẹ́.
Ọyẹ́ mú, awọ náà sán.

"Èmi ni mo bù ú jù, ọ̀rẹ́.
Tẹrí wá síbi omi."