Ohun Tí Ń Mú Kànga Yọ̀

Mo jókòó sẹ́yìn ilé ní Ìlódè,
amọ̀ ṣì gbẹ mọ́ mi léèékánná,
Mọrádéùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù rẹ̀ wá.
"Bàbá, ẹ wo ilẹ̀ yìí."
Ilẹ̀ pupa ni. Mo ní, "Ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà nìyí,
lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn."
Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Máàsì ni, Bàbá. Ojú ọ̀run níbẹ̀ yẹn."

Ó ní ọkọ̀ onítáyà mẹ́fà kan ń rìn níbẹ̀,
kò sí awakọ̀, kò sí èrò.
Amẹ́ríkà rán tirẹ̀, Ṣáínà rán tirẹ̀,
wọ́n ń wá bóyá ohun ẹlẹ́mìí kan ti gbébẹ̀ rí.

Mo fi ìka méjì fẹ àwòrán náà bó ti kọ́ mi.
Òkúta wẹ́wẹ́. Etí wọn ti di róbótó.
Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi gbẹ́ kànga:
òkúta tó já lára àpáta a máa ní eyín,
èyí tí omi bá yí gbiri, eyín rẹ̀ á ká.
"Omi kọjá níbí," mo ní. "Omi púpọ̀. Ó sì pẹ́."
Ọmọ náà ń wò mí bí ẹni pé mo ti débẹ̀ rí.

Èèyàn ni mo rò pé wọ́n ń wá.
Nítorí nílé wa níbí, bí ṣọ́bìrì bá wọlẹ̀ dé orókún,
wàá gbọ́ ọ: kẹ̀kẹ̀! Àpáàdì.
Àpáàdì tí wọ́n to etí rẹ̀ sókè, ìlà lẹ́yìn ìlà,
ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.
Mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fọwọ́ pa á
kí n tó fọ́ ọ kọjá.
Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Oúnjẹ ni mo ń wá.

"Kì í ṣe èèyàn, Bàbá. Ohun tójú ò lè rí ni.
Irú èyí tí ń mú ara kànga yọ̀."

Háà.
Òun ló gbé mi ṣubú ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ lọ́dún tí wọ́n bí i,
ẹsẹ̀ òsì mi ṣì ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá ṣú.
Ohun tí mo fi yanrìn ha kúrò, tí mo ṣépè fún,
òun layé ń náwó wá lójú ọ̀run!

Nígbà tílẹ̀ ṣú, ó nàka sí i fún mi: ìràwọ̀ kan, ó pọ́n díẹ̀,
bí ẹyin iná tó kù nínú eérú.
Mo gbé fìtílà lọ sídìí kànga ilé,
mo nawọ́ wọ ẹnu rẹ̀, mo fi ìka kàn án.
Ó tutù. Ó ń yọ̀.
N kò ha á.