Ààjà Inú Garawa

Ikọ́ rẹ̀ ló kọ́ mi pé kí n kọ́ ọ.
Kì í ṣe ìwé, kì í ṣe ọ̀gá kankan.
Ikọ́ Waino, ní aago méjì òru,
tó ń ha gàrà-gàrà bí ayùn tó já lu ìṣó nínú pákó.

Bàbá rẹ̀ wa bàbà nínú ihò Calumet,
eruku òkúta ni wọ́n fi san ìyókù owó rẹ̀.
Ọmọ ní òun ò ní sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀ láéláé,
òun á máa kan àga, òun á máa gbẹ́ ṣíbí,
igi ò ní pa òun bí òkúta ṣe pa bàbá òun.
Igi mépù ò dá a lóhùn.
Igi mépù kàn ń di lẹ́búlẹ́bú,
ó ń bà lé e ní ìpéǹpéjú,
ó ń bá a wọlé wá jẹun alẹ́.
Ogójì ọdún ni mo fi gbọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà
tí mi ò mọ èyí tó jẹ́ yìnyín nínú rẹ̀,
èyí tó jẹ́ igi.

Ní oṣù Kejì wọ́n dá a dúró sí ọsibítù,
ọjọ́ mọ́kànlá gbáko.
Mo mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Dale Kinnunen, tó ń tún títì ṣe, fún mi ní ṣóńṣó rọ́bà pupa kan,
irú èyí tó ń sọ fún mọ́tò pé "má gba ibí."
Mo dorí rẹ̀ kodò.
Mo gé imú rẹ̀, mo tì í bọ garawa ọ̀dà.
Páìpù kan gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kò gba àárín:
afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rìn mọ́ ògiri bí àna tó jẹ gbèsè.
Páìpù kejì dúró gbọnrangandan lókè,
ó lọ bá ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí.

Mo tan án.
Garawa fà sínú, gbàà!
bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín.
Mo rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí àga tí kò tíì ní ẹsẹ̀ kẹrin,
mo sunkún.

Garawa irin ni mo rà lọ́jọ́ kejì.
Ó ń jò, fíìì, níbi ìsopọ̀;
mo yọ́ àbẹ́là Kérésì, mo fi dí i.

Ìgbà yẹn ni ààjà dìde.
Eruku ń sá yípo, yípo,
ó ń fi èjìká gbá ògiri,
ó rẹ̀ ẹ́, ó bọ́ sílẹ̀ wuuru.
Ohun tó wúwo, bó bá ti yí po tó,
ilẹ̀ ni yóò wá lọ.
Afẹ́fẹ́ nìkan ló bá àárín gòkè.

Waino dé, ó gbára lé ọ̀pá.
"Ta ló so ẹ̀rù yìí mọ́ ògiri mi?"
Mi ò fèsì.
Ó la pákó méjì. Ó tú ẹ̀rọ, ó yọ asẹ́ inú rẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò nù ún:
àtàǹpàkò mọ́.
Ó ṣí garawa, ó wò ó pẹ́.
Ó ní ṣóńṣó yẹn wọ́.
Ó wọ́ lóòótọ́.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù báyìí.
Waino náà fẹ́ mi; kì í sọ ọ́ lẹ́nu.
Lóru ọjọ́ náà, ní aago méjì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló jí mi.
Mo fọwọ́ lé e láyà:
ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀.
Nígbà tó yá, ó wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan.
Mo padà sùn.