Ajere Naa Dédéì

Òjò Ọ́gọ́ọ̀sì ń lu páànù ilé wa ní Ìlódè
lọ́jọ́ tí Naa Dédéì kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn,
tó bi ìyá mi léèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ajere.
Ìyá mi ní, "Ẹran lo fẹ́ yan, àbí ẹja?"
Ó ní rárá. Ó ní àgbàdo.

Àgbàdo nínú ajere!
Bàbá mi tí ń fá irùngbọ̀n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáwọ́ dúró,
ìfófòó ọṣẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan,
ó ní àwọn ará Gáná yìí á fẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ kan.

Yàrá kan péré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa,
òun àti ọkọ rẹ̀, Tíṣà Kótéì, tí ń kọ́ni ní físíìsì
ní ilé-ìwé girama kan lọ́nà Òǹdó.
Odindi oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà
kò jẹ́ kí rédíò wọn pariwo.
Ó ní nílé àwọn, àgbàdo ń dàgbà lọ́wọ́,
ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́.
Mo rò ó lóru títí oorun fi gbé mi lọ.

Wọ́n rí ajere rà ní Odò-Ògbè.
Ẹyìn wá láti oko bàbá mi ní Ifẹ̀tẹ̀dó,
ilá wá láti ẹ̀yìnkùlé.
Ẹja ló kù. Ẹja òkun kan ló ń wá,
ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn gígùn rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.
Ìyá mi ní, "Dédéì, Ifẹ̀ la wà o. Àrọ̀ ló wà níbí."
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú,
àrọ̀ náà á gbọ́ èdè Gáà tó bá dénú ìkòkò.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́búlẹ́bú àgbàdo tó ti kan díẹ̀
jókòó lókè omi híhó, kò dénú omi,
oru ló ń sè é.
Ó fi epo pò ó, ó fi ilá sí i,
ó bu ọbẹ̀ ẹyìn lé e.
Kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan,
ó jáde sínú òjò wínníwínní,
ó fọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga,
sídìí igi ìbẹ́pẹ,
àwọn adìẹ wa ń tò tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé.
Ó ní ìyàn mú àwọn baba ńlá àwọn rí.
Nígbà tí àgbàdo wá jáde, wọ́n hó lé ebi lórí.

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun náà mọ ebi.
Àwo méjì ló jẹ, ó tún fi ìka nu ìsàlẹ̀ èkejì.

Jánúárì dé, rédíò sọ̀rọ̀.
N ò ní tún ohun tó sọ sọ.
Ọjọ́ mẹ́rìnlá.
Àpò onílà tí gbogbo yín ń fi orúkọ wọn pè títí dòní,
èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀.
Ajere kò wọ inú rẹ̀, amọ̀ ni, ó lè fọ́ lọ́nà.
Naa Dédéì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá mi,
kò sọ nǹkan kan, ìyá mi náà kò sọ nǹkan kan.
Tíṣà Kótéì nìkan ló ń sọ̀rọ̀,
owó iná oṣù yẹn ló ń kà sílẹ̀.

Ọ́gọ́ọ̀sì tún yípo.
Ìyá mi ti ń yí rédíò wálẹ̀ láti bí oṣù kan, n ò fura.
Mo jí, mo gbóòórùn ẹyìn.
Ó ti gbé ajere kaná. Omi pọ̀ jù, ó rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ra.
"Kò jọ ti Dédéì," ló wí.
Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó jáde, ìró rẹ̀ ń tú,
ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sọnù mọ́ lẹ́nu.
Kò mọ ohun tí wọ́n ń wí ní Gáà.
Ohùn Ifẹ̀ ló fi sọ ọ́:
"Ebi, ùwọ kọ́ lo ni wá!"
Ó fọ́n ọn.

Adìẹ sáré wá.
Bàbá mi ti jókòó, ó ti fọ ọwọ́.